Iṣẹ́ Olówó Oṣù àti Àlàfo Láàárín Olówó àti Tálákà

Ní ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé ọdún 1976 ni Àkúrẹ́ di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Òǹdó, iṣẹ́ olówó oṣù sì pọ̀ sí i níbẹ̀. Ní ìlú Òǹdó, oko kòkó, òwò àti iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì fi ń jẹun. Ǹjẹ́ bí alágbàṣe bá di olówó oṣù, àlàfo tí ó wà láàárín olówó àti tálákà yóò ha dínkù bí?

Ó lè dínkù. Òfin ọdún 2024 sọ pé owó oṣù kò gbọdọ̀ dín ní ₦70,000. Lébìrà tí a gbà síṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá ní ẹ̀tọ́ sí i, ìbáà ṣe òjò, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀rùn.

Ṣùgbọ́n òfin náà kò de ọ̀gá tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, kò sì kan ẹni tí a gbà fún ìkórè kòkó nìkan. Bí owó oṣù bá sì pọ̀ sí i, ọjà a máa wọ́n. Ní ọdún 1975, nígbà tí owó Údójì dé, ẹni tí kò gba kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ náà ra oúnjẹ ní iye titun.

Nítorí náà, bí ọmọ tálákà bá rí ọ̀nà wọlé, àlàfo a dínkù. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ nìkan ni ó wọlé, àlàfo a fẹ̀ sí i. Kí ẹni tí ń wá iṣẹ́ béèrè ìwé ìgbanisíṣẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.