Àlejò, Àjòjì, Àtọ̀húnrìnwá

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta wò lónìí. Gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. A lè fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pe ẹnì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń dún létí rẹ̀ kò dọ́gba.

Àlejò ni ẹni tó wá sọ́dọ̀ wa, tí a sì gbà. À ń sọ pé, "Mo ní àlejò nílé." A ó bu omi fún un, a ó sì wá oúnjẹ.

Àjòjì ni ẹni tí a kò mọ̀ rí. Kò sí ẹni tí í sọ pé, "Mo ní àjòjì nílé," nítorí àjòjì kò tíì ní ẹni tó gbà á. Síbẹ̀, kì í ṣe èébú. Àwọn àgbà ní, "Àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran." Ó yẹ kí onílé máa fi ọ̀nà hàn án.

Àtọ̀húnrìnwá ni ẹni tó ti ọ̀hún rìn wá. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà, a ò ní rí ibi kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà wo là ń lò ó? Ìgbà tí ìjà ilẹ̀ bá dé ni, tàbí ìjà oyè, tàbí ìjà ìsọ̀ ọjà. A tilẹ̀ lè sọ ọ́ sí ẹni tí a bí sí ìlú wa. Ohun tí à ń wí fún un ni pé, "O ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbí."

Àwọn òyìnbó ń pe ìkórìíra àjòjì ní xenophobia. Inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú un. Apá kìíní ni àjòjì tàbí àlejò, apá kejì ni ẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ náà kọ́ wa pé ẹ̀rù ló máa ń ṣáájú, kí ìkórìíra tó tẹ̀ lé e.

ÌFỌ́LÉ NÍ ABẸ́ÒKÚTA

Àwọn Ẹ̀gbá náà rìn wá ni. Ogun ló lé wọn nílé, tí Ṣódẹkẹ́ fi kó wọn wá sí abẹ́ Olúmọ ní 1830. Ní 1834 wọ́n gba àwọn Òwu. Láti 1839 ni àwọn Sàró, ọmọ wọn tó bọ́ lọ́wọ́ ẹrú, ti ń padà wálé. Ní 1843, Ṣódẹkẹ́ gba Henry Townsend, míṣọ́nnárì, ní àlejò.

Ṣùgbọ́n ní 1861 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Ní 1865 ọmọ ogun ìjọba Èkó kọlu àwọn Ẹ̀gbá tó dó ti Ìkòròdú, wọ́n sì pa púpọ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n fi ọlọ́pàá sójú ọ̀nà tí Ẹ̀gbá ní ilẹ̀ àwọn ni. Ẹ̀rù ba ìlú pé ibi tí Èkó lọ ni Abẹ́òkúta ń lọ. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán, nítorí òmìnira Ẹ̀gbá bọ́ ní 1914.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Ọ̀kitóbà 1867, ọ̀pọ̀ ènìyàn ya lu ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn míṣọ́nnárì. Wọ́n kó ẹrù, wọ́n ba ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ Ìwé Ìròhìn jẹ́. Àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ náà kó lọ sí Ebúté Mẹ́tta. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà.

Ẹ kíyè sí i: Èkó ni ẹni tó fi ọlọ́pàá sójú ọ̀nà wà. Ọwọ́ ò tó o. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di "àwọn òyìnbó," olùkọ́ àti gómìnà di ọ̀kan náà, ọmọ Ẹ̀gbá pàápàá sì bá wọn jìyà.

GÁNÀ ÀTI NÀÌJÍRÍÀ

Ní oṣù Nòfẹ́ńbà 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àjòjì tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ tó ń ṣòwò. Ibẹ̀ la bí àwọn mìíràn sí, àjòjì sì ni òfin pè wọ́n.

Ní oṣù Jánúárì 1983, ìjọba Nàìjíríà náà pàṣẹ bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì kan náà. Ará Gánà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó lọ. Àpò ńlá alábala tí wọ́n di ẹrù sí, "Ghana must go" là ń pè é títí dòní. À ń rà á lọ́jà láìrántí pé ọ̀rọ̀ ìlénilọ ni.

BÍ Ó ṢE YẸ KÁ MÁA SỌ̀RỌ̀

Bí ẹnì kan bá jalè, orúkọ rẹ̀ ni ká dá, ká má dárúkọ ìlú rẹ̀. Bí ìjà bá jẹ́ ti ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ká sọ, ká má wá ibi tí baba ẹni ti wá. Bí ẹnìkan bá ní, "Gbogbo wọn ni," ẹ bi í pé, "Èwo nínú wọn?" Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ìyàtọ̀ àlejò sí àjòjì?
2. Ta ni Ẹ̀gbá bá ní ẹ̀sùn ní 1867? Ilé àwọn wo ni wọ́n fọ́?
3. Orúkọ wo là ń pe àwọn àjòjì ládùúgbò yín? Ṣé a lè pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lójú wọn?