Ṣé O Mọ̀? Èkùrọ́ Tó Wà Nínú Fóònù Rẹ

Ṣé o mọ̀ pé bí fóònù rẹ bá jẹ́ Android, Linux lo ti ń lò láti àárọ̀? Lọ sí Settings, tẹ About phone, kó o wá ibi tí wọ́n kọ Kernel version sí. Nọ́ńbà tó ṣáájú níbẹ̀, ti Linux ni. Kernel náà ni òyìnbó ń pe èkùrọ́: ohun tójú kì í rí àfi tá a bá pa á. Linux ni èkùrọ́ fóònù rẹ: òun ló ń pín iṣẹ́ fún bátìrì, kámẹ́rà àti gbogbo ohun tó kù.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ọdún 21 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ ni Linus Torvalds ní Yunifásítì Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland. Lóṣù kẹjọ 1991, ó kọ̀wé sáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun kàn ń fi nǹkan kan dárà ni, kò ní di ńlá.

Ṣé o mọ̀ pé Freax ló fẹ́ sọ ọ́? Ari Lemmke, tó bá a gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni kò gba tiẹ̀, ló bá kọ Linux sí i.

Ṣé o mọ̀ pé èèyàn lè ta Linux? Ìwé àṣẹ tí Richard Stallman gbé kalẹ̀, èyí tí Torvalds gbà lò ní 1992, kò lòdì sí i. Àmọ́ ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ rí kóòdù rẹ̀ gbà, kó lè tún un ṣe bó ṣe wù ú. Olóúnjẹ tó ń ta ọbẹ̀, tó tún ń ka gbogbo èlò rẹ̀ fún oníbàárà! Ti Windows, wọ́n á bu ọbẹ̀ fún ọ, wọn ò ní jẹ́ kó o yọjú sí ìdí ààrò.

Ṣé o mọ̀ pé owó wà nínú ohun ọ̀fẹ́? Ní 2019, bílíọ̀nù 34 dọ́là ni IBM fi ra Red Hat, iléeṣẹ́ tó fi Linux ṣòwò.

Ṣé o mọ̀ pé láti oṣù kọkànlá 2017, kò sí ọ̀kan nínú 500 kọ̀ǹpútà tó lágbára jù láyé tí kì í lo Linux? Òun náà ló wà nínú Ingenuity, hẹlikópítà kékeré tó fò lórí pílánẹ́ẹ̀tì Mars lóṣù kẹrin 2021.

Ṣé o mọ ibi tí Linux ò tíì jọba? Kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Windows ṣì ni ọ̀gá níbẹ̀, torí òun ló ti máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ṣé o mọ̀ pé ní 2001, Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà, fi Linux wé àrùn jẹjẹrẹ? Nígbà tó fi máa di 2020, Microsoft fúnra rẹ̀ ti gbé kernel Linux wọnú Windows 10, káwọn tó ń kọ kóòdù lè máa lo méjèèjì pa pọ̀. Àwọn àgbà kúkú ti wí i: èkùrọ́ lalábàákú ẹ̀wà.