TA NÍ Ń JẸ ÈRÈ KÒKÓ WA?

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwa tí ń ta kòkó: bí òyìnbó bá ń fi kòkó di olówó, kí ló dé tí àgbẹ̀ ṣì ń yáwó san owó ilé-ìwé ọmọ?

Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà tí kòkó ń gbà. Àgbẹ̀ á fọ́ ọ, á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ 6, á sá a sóòrùn. Alágbàtà á rà á, á tà á fún ọlọ́jà ńlá, òun náà á kó o sọ́kọ̀ ojú omi l'Ékòó. Èbúté Amsterdam ní Họ́lándì ni púpọ̀ rẹ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Òkè òkun ni wọ́n ti ń yan án, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń fún òróró rẹ̀, títí á fi di ṣokoléètì. Ìdí ẹ̀rọ wọ̀nyí lowó wà. Nínú náírà kan tí wọ́n fi ra ṣokoléètì lọ́hùn-ún, ti àgbẹ̀ kì í sábà ju kọ́bọ̀ 10 lọ.

Ọjà Lọ́ńdọ̀nù àti New York ló ń dá iye owó. Ní 2022, tọ́ọ̀nù kan kò tó dọ́là 3,000. Ní 2024 ó fò kọjá 10,000, torí òjò àti àrùn ba oko jẹ́ ní Gánà àti Ivory Coast. Kí 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ gan-an. Ẹni tó ti gbowó alágbàtà nígbà tí kòkó ṣì wà lórí igi, ọ̀wọ́n yẹn kò kàn án.

Láyé Kòkó Bọ́ọ̀dù, ìjọba ń yọ tirẹ̀ nínú owó wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ń mọ iye tí a ó tà ṣáájú ìkórè. Láti 1986 tí wọ́n ti tú u ká, kálukú ló ń dá dúró lójú ọjà.

Kí ni ṣíṣe? A kò ní ẹ̀rọ Amsterdam, ṣùgbọ́n a ní ìwọ̀n tiwa. Kí ẹgbẹ́ máa yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó ṣáájú ìkórè, kó má baà ta kòkó tí kò tíì pọ́n. Ká sá kòkó gbẹ dáadáa, ká kó o jọ, ká tà á pọ̀. Ẹni tó gbé àpò 2 wá, ohun tí wọ́n bá fún un ni yóò gbà. Ẹgbẹ́ tó ní àpò 160, bíi tọ́ọ̀nù 10, lè ná ọjà. Àwọn àgbẹ̀ Agége ti mọ èyí láti 1907 tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.