Iná LED tí ẹ fẹ́ rà sí Hilux àti ọkọ̀ akẹ́rù yín: ẹ wo àwọn nǹkan wọ̀nyí ná

Lálẹ́ ọjọ́ kan, a wà nínú bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ọ̀yọ́ nígbà tí Hilux kan yọ níwájú wa. Iná rẹ̀ funfun báláú, bí iná àwọn tó ń jó irin. Awakọ̀ wa fi ọwọ́ kan bojú, ó ní, "Ta lẹni burúkú yìí? Dímù-un jọ̀ọ́!" Ó ṣẹ́ fúùlù sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni yẹn náà ṣẹ́ tirẹ̀ padà, ibẹ̀ la ti wá mọ̀ pé orí dímù ló wà tẹ́lẹ̀. Kí ojú wa tó là padà, agbégilódò kan tó bàjẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí kò tan iná ẹ̀yìn, ti wà níwájú wa gbàgàdà. Awakọ̀ já ọwọ́ ọkọ̀ sí òsì. Àwọn kan pe Jésù, àwọn kan pe Ọlọ́hun Ọba, a sì kọjá. Díẹ̀ báyìí ló kù.

Ẹni tó ni Hilux yẹn ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ o. Lójú tirẹ̀, iná tó dáa ló rà.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi kan, tó ń fi píkọ́ọ̀pù kó iṣu láti Ṣakí wá sí Ìbàdàn, pè mí pé kí n sin òun lọ sí Gate lọ ra LED. Ó ní iná ọkọ̀ òun ò ríran mọ́, pàápàá lójú ọ̀nà oko tí ihò pọ̀ sí. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti yẹ èyí tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wò?" Ó wò mí bíi pé mo fẹ́ ṣahun owó olówó.

Réwáyà tí a bá níbẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan, kò tilẹ̀ na ọwọ́ sí ọjà kankan. Omi àti sáńpépà ló kọ́kọ́ bèèrè. Ike ló bo iwájú hẹ́ẹ̀dìláàǹpù ọkọ̀ òde òní, kì í ṣe díńgí bíi ti ayé Bedford. Oòrùn máa ń jẹ ike yìí, á pọ́n bí eyín ẹni tó ti mu sìgá fún ogún ọdún. Gílóòbù tó wù kí ẹ fi sẹ́yìn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ò ní jáde tó bó ṣe yẹ, èyí tó bá sì jáde á fọ́n káàkiri. Bàbá fi sáńpépà 1000 àti omi há a, ó bọ́ sí 2000, ó fi 3000 parí rẹ̀, ó wá fọ́n clear sí i lórí, irú èyí tó ń dènà oòrùn. Àwọn tó ń fi ọṣẹ ìfọyín pa tiwọn, ó máa mọ́ lóòótọ́, àmọ́ kò ní pẹ́ tó fi máa pọ́n padà torí kò sí nǹkan tó ń bá a dá oòrùn dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn ló gbé mítà. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, iná wà ní títàn: 13.8 volt lórí bátìrì, 12.1 lẹ́nu gílóòbù. Mo ní ṣé ìyẹn náà ni wàhálà? Bàbá rẹ́rìn-ín. Gílóòbù halogen, ìyẹn àwọn tó ní irin tín-ín-rín tó ń pọ́n nínú, kì í fara da kí iná dín rárá. Tí volt bá fi ìdá 10 nínú 100 dín, ìmọ́lẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá 30 dín. Ti ẹ̀gbọ́n mi sì ju 10 lọ. Wáyà tín-ín-rín ló wà níbẹ̀, ó ti gbó, gbogbo iná ń gba inú súìṣì ìdí sítíárìn kọjá, earth rẹ̀ sì ti dípẹtà. Ọkọ̀ náà ò nílò iná tuntun tó bó ṣe nílò wáyà.

Bàbá fa wáyà tó nípọn láti bátìrì, ó fi fíùsì sí i nítòsí bátìrì níbẹ̀, ó so relay méjì, ọ̀kan fún dímù, ọ̀kan fún fúùlù. Ó ha earth títí tó fi dán. Ó wá fi gílóòbù H4 tuntun méjì, 60/55 watt, irú èyí tí ọkọ̀ náà bá wá láti ilé iṣẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ẹ̀gbọ́n mi tan iná, ó dákẹ́. Ó pa á, ó tún tan án. Ó ní, "Àbúrò, ta ló ń jẹ iná mi láti ọjọ́ yìí?"

N ò sọ pé LED ò dáa. LED tó dáa ju halogen lọ fíìfíì. Gílóòbù LED tí wọ́n ń tì bọ inú hẹ́ẹ̀dìláàǹpù tí wọ́n ṣe fún halogen ni mò ń bá jà. Ẹ mú H4 dání kí ẹ wò ó dáadáa. Irin títàn méjì ló wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ ti dímù, ẹ máa rí irin kékeré kan tó rí bíi ṣíbí. Ṣíbí yẹn ló ń dí ìmọ́lẹ̀ kó má baà kan ìsàlẹ̀ àwo dídán inú hẹ́ẹ̀dìláàǹpù, torí pé ìmọ́lẹ̀ tó bá kan ìsàlẹ̀ àwo náà òkè ló ń lọ, tààrà sójú ẹni tó ń bọ̀. Wọ́n wọn àwo náà débi pé tí ohun tó ń tàn bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí kúrò ní ibi tó yẹ kó wà, ìmọ́lẹ̀ á ṣìnà. LED inú páálí ò ní irin títàn. Ìdí rẹ̀ nípọn, wọ́n lẹ ohun tó ń tàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í bọ́ sí ojú ibi tí àwo náà ń retí. Bí ti Hilux ọjọ́sí ṣe rí nìyẹn.

Ohun tó tún ń tan èèyàn jẹ ni pé iwájú ọkọ̀ á mọ́ gan-an, nítòsí. Ojú yín á mọ́ra pẹ̀lú ilẹ̀ funfun yẹn, kò wá ní rí ohun tó wà lókèèrè mọ́, bẹ́ẹ̀ òkèèrè gan-an ni ewúrẹ́ àti ọlọ́kadà tí kò níná wà. Páálí lè sọ pé 20,000 lumen. H4 gidi, 1,000 lumen ni dímù rẹ̀, 1,650 ni fúùlù. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń balẹ̀ sí ni kí ẹ máa bèèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní UK, ẹ mọ̀ pé láti ọdún 2021, hẹ́ẹ̀dìláàǹpù halogen tí wọ́n sọ di LED kì í yege MOT lára ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀.

Tí LED bá ń wù yín, hẹ́ẹ̀dìláàǹpù odindi tí wọ́n dìídì ṣe fún LED ni kí ẹ rà, kì í ṣe gílóòbù nìkan. Ó máa wọ́n jù. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ bátìrì, kí wọ́n tan dímù sára ògiri. Tí òkè ìmọ́lẹ̀ náà bá gé gẹ́rẹ́gẹ́ bíi pé wọ́n fi rúlà fà á, ẹ lè máa dúnàá dúrà. Tó bá fọ́n ká sókè, ẹ dá a padà.

Tòkunbọ̀ ní wàhálà tirẹ̀, àwọn ọlọ́jà kì í sì í sábà sọ ọ́. Ọwọ́ ọ̀tún là ń wà ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, nítorí náà iná dímù wa gbọ́dọ̀ gbé sókè díẹ̀ lápá ọ̀tún, síbi ẹsẹ̀ títì, kó sì rẹlẹ̀ lápá òsì tí ọkọ̀ míì ti ń bọ̀. Ọwọ́ òsì ni Japan àti UK ń wà. Hẹ́ẹ̀dìláàǹpù tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tibẹ̀, kó mọ́ bíi digí, òsì ló máa gbé ìmọ́lẹ̀ sókè sí. Ojú awakọ̀ kejì nìyẹn. Ẹ wo ara rẹ̀: tó bá ní lẹ́tà E nínú róbótó, tí ọfà kan sì wà níbẹ̀ tó kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún yín bẹ́ ẹ ṣe dúró níwájú rẹ̀, ti ọlọ́wọ́ òsì ni. Tí kò bá sí ọfà, ti ọwọ́ ọ̀tún ni. Tó bá jẹ́ ọfà olórí méjì, wọ́n lè yí i sí ibi tó wù wọ́n. Ti Amẹ́ríkà ò ní E lára, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún làwọn náà ń wà.

HID, àwọn tó ní ballast, kì í mọ́ tán lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n bá sì tì í bọ inú àwo halogen, ìfọ́jú kan náà ni. Gílóòbù 100/90 watt máa ń yọ́ ẹnu ike tí a kì í bọ̀, mo ti rí èyí tó jó dúdú. Tó bá di àwọ̀, iná xenon tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ kì í sábà ju 4300K lọ. Tí ẹ bá ti dé 8000K, búlúù ni, nínú òjò ẹ kàn máa rí òjò náà ni. Ọkọ̀ ńlá tó ń lo 24 volt, H4 tirẹ̀ 75/70 watt ni, ẹ má fi ti 12 volt sí i, lójú ẹsẹ̀ ló máa jó.

Iná tó dáa jù láyé, tí kò bá jókòó dáadáa, òfò ni. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó kọjú sí ògiri, 10 mítà síra wọn. Ẹ wọn gíga àárín gílóòbù láti ilẹ̀, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ògiri ní gíga yẹn. Tí ẹ bá tan dímù, orí ìmọ́lẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 sísàlẹ̀ àmì. Ẹ̀yin oníṣu, ẹ̀yin oníkòkó, ẹ gbọ́ o: ẹrù ni kí ẹ kó sínú ọkọ̀ kí ẹ tó ṣe é. Tí ẹ̀yìn bá joko, imú ọkọ̀ á gbé sókè, dímù yín á sì di fúùlù. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà mí gbọ́ títí a fi di iṣu sí i, tí ìmọ́lẹ̀ náà sì gun ògiri kọjá àmì ṣọ́ọ̀kì lójú rẹ̀ kòrókòró.

Ó ṣì ra iná LED gbọọrọ, irú èyí tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé. Mo ní àfi nínú oko, torí tí ẹ bá tan án lójú títì ẹ ti fọ́ gbogbo ayé lójú. Bàbá réwáyà fún un ní súìṣì tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó lẹ téèpù pupa mọ́ ọn lára, ó sì gbé e sísàlẹ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí ọwọ́ ò ti ní ṣèèṣì kàn án.