Líìgì Nàìjíríà, Sáà 2025/2026: Ta Ni Yóò Gbé Ife?

Kano Pillars gba ife líìgì wa ní 2012, wọ́n gbà á ní 2013, wọ́n tún gbà á ní 2014. Láti ìgbà náà, kò tíì sí ẹgbẹ́ kan tó gbé ife náà tó sì tún gbé e ní sáà tó tẹ̀ lé e. Enyimba gbà á ní 2015, Rangers ní 2016, Plateau United ní 2017, Lobi Stars ní 2018, Enyimba lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2019. Àrùn kòrónà dá sáà 2020 dúró láìsí olúborí. Akwa United gbà á ní 2021, Rivers United ní 2022, Enyimba ní 2023, Rangers ní 2024, Remo Stars ní 2025. Ẹni tó bá fẹ́ sọ bí sáà tuntun yóò ṣe parí, ibí yìí ni kó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ léraléra fún ọdún mọ́kànlá kì í ṣe èèṣì.

Kí ló fà á? Tí ẹgbẹ́ kan bá ti gba líìgì níbí, ojú àwọn oníbàárà láti òkè òkun àti láti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn á kọ́kọ́ bọ́ sí ara àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń gbá gólù wọlé ti lọ, ẹni tó ń pín bọ́ọ̀lù láàárín ti lọ. Lẹ́yìn èyí ni ìdíje CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, á tún dé. Ẹgbẹ́ tó yẹ kó máa sinmi láàárín ọ̀sẹ̀ á máa wọ bàálù lọ sí ilẹ̀ àjèjì, àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì rẹ̀ á sì máa sún síwájú. Nígbà tó bá fi máa padà gbá wọn, á máa gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ara wọn ti rẹ̀.

Ìdí nìyí tí n kò fi fi Remo Stars sí ipò kìíní lọ́dún yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi dùn gidigidi sí ohun tí wọ́n ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì léraléra, ní 2023 àti 2024, ni wọ́n ṣe ipò kejì, kí wọ́n tó gba ife ọ̀hún ní 2025 nígbà tí sáà ṣì ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Yorùbá tó gba líìgì láti ìgbà tí Julius Berger ti Èkó ti gbà á ní 2000. Kunle Soname ló ni ẹgbẹ́ náà, wọ́n ní pápá tiwọn ní Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ dàgbà, wọn kò sì lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Daniel Ogunmodede, nígbà tí ife bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nínú líìgì tí ó jẹ́ pé owó ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, irú ìforítì bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n Champions League Áfíríkà wà níwájú wọn, àwọn àti Rivers United ló sì jọ ń lọ. Abia Warriors àti Kwara United ni yóò gbá Confederation Cup.

Ohun kejì tí mo máa ń wò ni ibi tí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mọ ọ̀nà wà. Kennedy Boboye gba líìgì fún Plateau United ní 2017, ó kó lọ sí Akwa United, ó tún gbà á níbẹ̀ ní 2021. Finidi George gbà á fún Enyimba ní 2023. Ó kọjá sí Super Eagles ní 2024, kò pẹ́ níbẹ̀ tó fi fi ipò sílẹ̀, Rivers United ló gbà á, sáà tó sì kọ́kọ́ lò ní Port Harcourt, ipò kejì ni wọ́n ṣe. Ẹ má ṣe kóyán ọkùnrin yìí kéré.

Ní ti tábìlì ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, mo bẹ ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹ má gbà á gbọ́ bó ṣe wà. Nílé ni ẹgbẹ́ wa ti máa ń borí. Ọ̀nà jìn: láti Ìbàdàn dé Maiduguri ju 1,000 kìlómítà lọ, bọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sì ń wọ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gbá, 19 nílé, 19 níta. Ẹgbẹ́ tó bá borí gbogbo tilé yóò kó pọ́ìntì 57, àwọn olúborí àìpẹ́ yìí nínú sáà ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 sì ti ń kọjá 60. Nítorí náà, ìta ni wọ́n ti ń gba ife.

Ẹ lè ṣe ìṣirò yìí fúnra yín. Bí ẹgbẹ́ bá borí nílé, ẹ kọ òdo sílẹ̀ fún un. Bó bá gbá ọ̀mì nílé, ẹ yọ méjì. Bó bá pàdánù nílé, ẹ yọ mẹ́ta. Ọ̀mì níta, ẹ fi ẹyọ kan kún un. Ìborí níta, ẹ fi mẹ́ta kún un. Ìpàdánù níta, òdo. Ẹgbẹ́ tó borí lẹ́ẹ̀mẹta nílé tó sì pàdánù lẹ́ẹ̀mejì níta ní pọ́ìntì 9 lórí tábìlì, ṣùgbọ́n òdo ló ní nínú ìṣirò wa. Èyí tó borí lẹ́ẹ̀mejì nílé, tó gbá ọ̀mì méjì tó sì pàdánù ẹyọ kan níta, pọ́ìntì 8 ló ní lórí tábìlì, àmọ́ méjì ni tirẹ̀ nínú ìṣirò yìí. Òun ni kí ẹ máa ṣọ́.

Ẹ rántí sáà 2022/2023. Bendel Insurance ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè wá ni, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó lè borí wọn. Àwọn ènìyàn ti ń fi ife lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ mẹ́fà tó kù pàdé ní Oníkan, Èkó, láti du ife, Enyimba ló gbé e, ìyàtọ̀ gólù ló sì fi ju Remo Stars lọ.

Nílé tiwa, Shooting Stars ti Ìbàdàn ti gba líìgì lẹ́ẹ̀márùn-ún: 1976, 1980, 1983, 1995 àti 1998. Láti 1998 títí di ìsinsìnyí, ó ti pẹ́ jù fún ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ gbé ife Áfíríkà wá sí Nàìjíríà. Wọn kò ní ìrìn àjò CAF lọ́dún yìí, ipò kẹrin ni mo fi wọ́n sí. Ikorodu City, tó gòkè wá ní 2024, kò ní bẹ̀rù àtijáwálẹ̀. Ó dùn mí pé Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ ti lọ. Wọ́n jọ já wálẹ̀ pẹ̀lú Heartland, Lobi Stars àti Akwa United, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sì ti gba líìgì rí. Barau, Wikki Tourists, Warri Wolves àti Kun Khalifat ló rọ́pò wọn. Wikki àti Kun Khalifat ni mo ń bẹ̀rù jù pé wọ́n lè já wálẹ̀ padà.

Ìdájọ́ mi nìyí. Rangers ti Enugu ni yóò gbé ife. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á, ìdíje CAF kò sì ní gba agbára wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni wọ́n ti gbà á. Ti sáà yìí yóò mú wọn bá Enyimba dọ́gba ní mẹ́sàn-án. Rivers United ni yóò ṣe ipò kejì, Remo Stars ipò kẹta.