Bí Ilẹ̀ Tafo Ṣe Ń Di Owó

Bó ti wù kí owó pọ̀ lọ́wọ́ èèyàn tó, kò lè ra ilẹ̀ ìtẹ́, ìyẹn ilẹ̀ tó jẹ́ ti ìtẹ́ ọba, ní Tafo, ní Kumasi, kó di tirẹ̀ títí ayé. Abala 267 nínú ìwé òfin Gánà ti 1992 kà á léèwọ̀. Iye ọdún ni wọ́n ń tà: ọmọ Gánà tó fẹ́ kọ́lé sábà máa ń gba 99, àjèjì kò gbọdọ̀ gbà ju 50 lọ.

Ọba àdúgbò tó ń mójú tó ilẹ̀ náà ló kọ́kọ́ ń gba owó. Owó ọtí ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè tó owó tí wọ́n fi ń kọ́ ilé ọtí. Ọba á wá kọ ìwé pélébé kan pé òun ti fún lágbájá ní pùlọ́ọ̀tì báyìí. Ìwé yìí gbọ́dọ̀ dé Manhyia, ààfin Asantehene, ọba gbogbo Asante, kí ọ́fíìsì ilẹ̀ rẹ̀ fọwọ́ sí i, kó tó kan Lands Commission, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé àdéhùn gidi, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìjọba.

Ọ̀pọ̀ ló ń dúró sórí ìwé ọba, tí wọ́n á ti máa pò sìmẹ́ǹtì. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Bí ìyá oníṣòwò kan bá gbé ìwé pélébé yẹn lọ sí báńkì láti fi yá owó, báńkì ò mọ̀ bóyá ọba ti fún ẹlòmíì ní irú rẹ̀. Ilé wà, owó wà lára ilé, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi dúró fún owó yíyá. Ara èèyàn làwọn baba wa fi ń dúró fún owó, tí wọ́n ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Ohun tí ìwé ilẹ̀ tó pé wà fún ni kí ilẹ̀ dúró dípò èèyàn. Bí ìwé bá pé, báńkì á wádìí ní Lands Commission ẹni tó ni ilẹ̀ àti bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀, á sì kọ gbèsè tirẹ̀ mọ́ ọn.

Ibi tí èèyàn méjì bá ti ń jà sórí ilẹ̀ kan náà ni jàǹdùkú ti ń wọlé. Òfin ilẹ̀ ti 2020, ìyẹn Act 1036, sọ ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí 15 di ìyà ẹni tó bá ṣe jàǹdùkú orí ilẹ̀. Ní tèmi, ẹ̀wọ̀n yìí ò lè wo àrùn tó bí i sàn: bí àkọsílẹ̀ bá dá ṣáká, ta ni yóò háyà jàǹdùkú?

Owó ilẹ̀ ọdọọdún náà ní òfin tirẹ̀. Nínú sídì 100, ọ́fíìsì tó ń gba owó ilẹ̀ ìtẹ́ á mú 10. Nínú èyí tó kù, 49.50 jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, 22.50 ti ìtẹ́, 18 ti ìgbìmọ̀ àwọn ọba. Owó ọtí kì í sábà dé orí ìṣirò yìí, torí ẹ̀bùn ni wọ́n ń kà á sí. Mo rò pé òun gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pín.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá tí bàbá wa gbé Gánà rí. Abala 266 ìwé òfin 1992 sọ pé ilẹ̀ èyíkéyìí tí àjèjì ti rà pátápátá ní Gánà ṣáájú 22 Oṣù Kẹjọ 1969 di ti ọdún 50 péré, láti ọjọ́ náà. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ yẹn tí ìjọba Gánà tí Busia ń darí fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò, tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa fi ilé àti gbèsè ọjà sílẹ̀. Ọdún 50 náà pé ní 2019. Ọmọ tó bá bá ìwé ilẹ̀ Gánà nínú àpótí bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, bóyá àdéhùn inú ìwé náà ti parí ni kó kọ́kọ́ wò, kó tó wọkọ̀.