Ẹ̀kọ́ pẹ̀lú iṣẹ́ ìsìn àwùjọ

Ẹ̀kọ́ pẹ̀lú iṣẹ́ ìsìn àwùjọ jẹ́ ọ̀nà ìkọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, nínú èyí tí iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe fún ìlú jẹ́ ara kọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí ètò àgùnbánirọ̀ tí Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní ọdún 1973, nítorí pé ẹ̀yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gboyè ni ìyẹn ń bẹ̀rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí ìtọrẹ àánú pẹ̀lú, nítorí pé ìlú àti akẹ́kọ̀ọ́ ni ó jọ ń jèrè rẹ̀.

Ètò Ìbàràpá

Àpẹẹrẹ tí ó lọ́jọ́ lórí ni ètò ìlera tí Yunifásítì ìlú Ìbàdàn, tí ọgbà rẹ̀ dojú kọ Agbowó, bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Ìbàràpá ní ọdún 1963. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí ó bá wà ní ilé ìwòsàn ńlá nìkan kì í rí omi tí aláìsàn ń mu nílé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń rán wọn lọ gbé ní Igbó-Ọrà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n lè tọ́jú aláìsàn, kí wọ́n sì ṣèwádìí nípa ìlera àwọn ará ìlú.

Ní Ìdèrè, ní agbègbè kan náà, sọ̀bìyà da àwọn àgbẹ̀ láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú omi mímu ni àrùn náà ti ń wọ ara. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì náà àti àwọn ará ìlú jọ ṣiṣẹ́ lórí asẹ́ aláṣọ tí a fi ń sẹ́ omi: àwọn aránṣọ ìlú ni ó ń rán an, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abẹ́lé sì ń tà á. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ sọ̀bìyà.

Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀

Olùkọ́ yóò kọ́kọ́ pinnu ohun pàtó tí kọ́ọ̀sì náà fẹ́ kọ́ni. Lẹ́yìn náà, yóò béèrè ohun tí àwọn ará ìlú nílò. Ní ọjà Bódìjà, fún àpẹẹrẹ, ọ̀dọ̀ àwọn olórí ọlọ́jà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé gọ́tà tí ó dí ni ó jẹ wọ́n lógún ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí òun ti gbèrò lọ. Ìhà méjèèjì yóò wá fẹnu kò lórí iṣẹ́, ọjọ́, àti ẹni tí yóò máa bá iṣẹ́ lọ nígbà tí sáà bá parí. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, àti bí ó ṣe bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ mu. Orí àkọsílẹ̀ yìí ni a ti ń fún un ní máàkì, kì í ṣe orí iye wákàtí tí ó lò.

Ewu tí ó wà níbẹ̀

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wá béèrè ìbéèrè kan náà lọ́dọọdún, tí ìlú kò sì gbọ́ àbájáde rẹ̀, àwọn ará ìlú di ohun èlò ìkẹ́kọ̀ọ́ lásán nìyẹn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a ka àbájáde ìwádìí fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kúrò nílùú.